Ère, Èrè àti Eré: Ǹjẹ́ Ère Oníke Tí A Rà Lónìí Lè Di Owó Lọ́la?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa

 

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa ní ìlú Ọba yìí. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn ère kéékèèké, ti ike àti ti òwú, tí àwọn ọmọ wa ń rà, tí wọ́n ń tò sórí pẹpẹ nínú yàrá wọn, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí páálí wọn. Bí ìyá bá sọ pé, "Ìnákúnàá nìyí," ọmọ á dáhùn pé, "Rárá, Mọ́mì, ìdókòwò ni. Ẹ jẹ́ kó tó ọdún mẹ́wàá, ẹ ó rí iye tí yóò jẹ́." Kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń sọ ọ́. Àwọn àgbàlagbà náà wà tí wọ́n gbà pé ó sàn kí wọ́n fi owó ra ère ju kí wọ́n fi í sí báǹkì lọ.

Ṣé òótọ́ ni? Èsì mi ni pé òótọ́ ni fún ìwọ̀nba ère díẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó ya àwọn díẹ̀ náà sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fi owó ẹ̀kọ́ ọmọ ra ike.

Èdè wa ti là á sílẹ̀ fún wa. Ère ni ohun tí a rà. Èrè ni ohun tí a ń retí. Eré ni ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ohùn nìkan ló ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣi ọ̀kan pè fún èkejì ní ọjà, owó ni yóò fi san án.

IBI TÍ ÒKÌKÍ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1977 ni fíìmù Star Wars jáde ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ Kenner ló gba àṣẹ láti ṣe àwọn ère rẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù náà gba òde ju bí wọ́n ti rò lọ. Nígbà tí Kérésìmesì dé, ère kò tíì sí nílẹ̀. Páálí tó ní ìwé ẹ̀rí nínú ni wọ́n tà fún àwọn òbí. Ẹni tó bá fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n fi ère mẹ́rin àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ní 1978. Ní ìlú Ọba níbí, ilé iṣẹ́ Palitoy, tó wà ní Coalville ní agbègbè Leicestershire, ló ń tà á. Títí di 1985 ni wọ́n fi ṣe ọ̀wọ́ ère náà.

Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ìgbà náà fi í ṣe. Wọ́n ya páálí rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ nù. Wọ́n fi í ṣeré nínú yẹ̀pẹ̀. Idà kékeré ọwọ́ rẹ̀ sọnù, ajá jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá sì kó ìyókù lọ fún ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú. Kò sí ẹni tó rò ó pé ó lè di owó. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù nínú páálí láìní àbàwọ́n fi wọ́n bí ojú lónìí.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ṣeé rà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àkísà kò ṣeé rà, ọjọ́ ló ń mú un wá. Àwọn ère Kenner àtijọ́ wọ̀nyí ti di àkísà lọ́nà bẹ́ẹ̀: ọdún tó kọjá lórí wọn, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti ṣègbé, ló sọ wọ́n di olówó iyebíye. Kò sí ilé iṣẹ́ tó lè fi ẹ̀rọ ṣe irú ọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ère Boba Fett tó ń yin ọta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ní 2024, ilé gbàǹjo Heritage ní Amẹ́ríkà ta ọ̀kan ní 525,000 dọ́là. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ère yẹn kò dé orí àtẹ ṣọ́ọ̀bù rí. Àwòṣe tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fi ń dán iṣẹ́ wọn wò ni. Ìbẹ̀rù pé ọta rẹ̀ lè há ọmọ lọ́fun ló mú kí wọ́n pa á tì kó tó di títà. Kò sí òbí tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù lọ rà á fún ọmọ rẹ̀ ní 1979. Ẹni tó bá wá fi í ṣe ẹ̀rí pé ère inú yàrá òun náà yóò di ọrọ̀, iyùn ló ń fi wé ìlẹ̀kẹ̀ ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ohun tó tẹ̀ lé e. Kenner tún gbé ère Star Wars jáde ní 1995, Hasbro sì ṣe ti fíìmù tuntun ní 1999. Lásìkò yìí, àwọn ènìyàn ti gbọ́n. Wọ́n ń rà á ní méjì-méjì, ọ̀kan fún eré, ọ̀kan fún ìpamọ́. Wọn kò ya páálí, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ọgbọ́n tí gbogbo wọn jọ gbọ́n yìí gan-an ló ba ọjà náà jẹ́. Ère náà ṣì wà lọ rẹpẹtẹ nínú àjà àwọn ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mú iye tí wọ́n rà á wá bí a bá fi ọ̀wọ́ngógó kún ìṣirò. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá ń tọ́jú kì í wọ́n. Bí ẹ ò bá rántí ohunkóhun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ rántí èyí.

Ẹ̀KỌ́ BEANIE BABIES

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lókè òkun láti àwọn ọdún 1990 kò ní gbàgbé àwọn ẹranko kéékèèké olówùú tí wọ́n ń pè ní Beanie Babies. Ilé iṣẹ́ Ty, tí Ty Warner dá sílẹ̀, ló gbé wọn jáde ní 1993, bíi dọ́là 5 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í polówó wọn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló ń kó o fún, ní ìwọ̀nba díẹ̀. Lójijì, á kéde pé òun ti dá ṣíṣe èyí tàbí ọ̀hún dúró, iye rẹ̀ á sì fò sókè. Erin kan wà tí wọ́n ń pè ní Peanut, tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ búlúù tó kún ṣe fún ìgbà díẹ̀ ní 1995, kí wọ́n tó yí i padà sí búlúù fífẹ́lẹ́. Àwọn ènìyàn san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Diana ní 1997, Ty ṣe béárì aláwọ̀ èsè àlùkò kan ní ìrántí rẹ̀, ó sì ní kí èrè rẹ̀ lọ sí àpò ìrántí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ Diana. Kíá ni àwọn alágbàtà gbé e dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́ùn. Ní 1999, ní kóòtù kan ní Las Vegas, tọkọtaya kan tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ lóṣòó sílẹ̀ níwájú adájọ́, wọ́n ń pín Beanie Babies ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pín ogún.

Ní ọdún yẹn kan náà, Ty kéde pé tó bá di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, gbogbo Beanie Babies yóò dópin. Ó tún wá ní kí àwọn ènìyàn dìbò bóyá kí òun máa bá a lọ. Wọ́n dìbò pé kó máa ṣe é, ó sì ń ṣe é lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n tú palẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún díẹ̀, ọjà náà wọmi. Lónìí, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù aláàánú èyíkéyìí, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n ti ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn ní pọ́ùn kan tàbí méjì.

"Ṣùgbọ́n mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé béárì Diana ń jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ùn!" Ẹ̀yin ará, iye tí ẹnìkan kọ sára ọjà rẹ̀ kì í ṣe iye tí ẹnìkan san. Bí obìnrin kan ní Bódìjà bá pe iṣu kan ní mílíọ̀nù kan náírà, ṣé iye tí iṣu ń jẹ́ nìyẹn? Ìnájà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Béárì náà pọ̀ lóde, èyí tí wọ́n sì ń rà lóòótọ́ kì í sábà ju pọ́ùn mélòó kan lọ.

TI ÒDE ÒNÍ: FUNKO ÀTI LABUBU

Ilé iṣẹ́ Funko bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà ní 1998. Ní 2010 ló gbé irú ère tó sọ ọ́ di olókìkí jáde, èyí tó ní orí ńlá àti ojú dúdú roboto. Ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn onífíìmù, àwọn olórin àti àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá, débi pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí gbajúmọ̀ tí kò ní ère Funko. Nígbà tó gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ lọ sí ọjà ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, dọ́là 12 ni wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ọjà tó tì ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ti já wá sí bíi dọ́là 7.

Èyí tó wá yẹ kí gbogbo wa gbọ́ ni ti oṣù kẹta ọdún 2023. Funko fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò ba ọjà tó tó mílíọ̀nù 30 sí 36 dọ́là jẹ́, òun yóò kó o dànù. Ó ti ṣe é jù, ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ kún àkúnya, owó ìpamọ́ sì ń ga. Bí ẹni tó ń ṣe ère bá ń kó o dànù nítorí pé kò ríbi tọ́jú rẹ̀ sí, kí ni àwa tí a ń tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn ń retí?

Mi ò sọ pé kò sí Funko tó wọ́n. Ó wà. Àwọn tí wọ́n ṣe níwọ̀nba ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, tí wọ́n tà níbi ayẹyẹ kan ṣoṣo, ń mú owó gidi wá. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí àtẹ ní gbogbo ìlú kò sí lára wọn.

Ti Labubu ni ẹ̀yin ọmọ wa mọ̀ jù. Ayàwòrán Kasing Lung ló dá a nínú ìtàn rẹ̀ ní 2015, ilé iṣẹ́ Pop Mart ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2019. Nígbà tí Lisa, olórin inú ẹgbẹ́ Blackpink, gbé e kọ́ ara báàgì rẹ̀ ní 2024, ayé dàrú lé e. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Pop Mart dá títà rẹ̀ dúró fún ìgbà kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìlú Ọba níbí nítorí ìjà àwọn tó tò láti rà á. Ní oṣù kẹfà, wọ́n lu ọ̀kan tó ga tó ènìyàn ní gbàǹjo ní Beijing ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan yuan. Ìròyìn yẹn ni gbogbo ayé gbọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò gbọ́ ni pé ní oṣù kẹfà kan náà, Pop Mart tú ọjà púpọ̀ síta, iye tí àwọn alágbàtà ń béèrè lórí Labubu sì já wálẹ̀ lọ́gán.

Àwọn páálí rẹ̀ tún ní ọgbọ́n kan nínú. Ẹ kì í rí ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Nínú páálí 72, ọ̀kan péré ló lè ní èyí tó ṣọ̀wọ́n jù. Ẹ̀yin òbí, a mọ orúkọ tí à ń pe irú ìyẹn nílé: tẹ́tẹ́ ni. Ayédèrú sì pọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ayédèrú Labubu lè há ọmọ kékeré lọ́fun.

Ẹ ti rí okùn tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti Kenner àtijọ́, àwọn ọmọ ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n láìmọ̀. Ti òde òní, ilé iṣẹ́ ló ń dá ọ̀wọ́n rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́. Ọjọ́ tó bá wù ú ló máa ṣílẹ̀kùn.

ÀWỌN TÓ JÈRÈ ŃKỌ́?

Ẹnìkan lè sọ pé ti Lego yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Olùwádìí Victoria Dobrynskaya àti ẹnìkejì rẹ̀ ní Yunifásítì HSE ní Moscow yẹ àwọn páálí Lego tí wọ́n ṣe láti 1987 sí 2015 wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tú fi bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí sí i lọ́dún, ní ìpíndọ́gba. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀. Lego jẹ́ ohun tí wọ́n ń tú, tí wọ́n ń dà pọ̀, tí ẹyọ rẹ̀ ń sọnù sábẹ́ àga. Páálí tí kò ṣí ń dín kù lójoojúmọ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ìpíndọ́gba sì fi ohun púpọ̀ pamọ́: àwọn kan gbówó lórí lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn mìíràn fa àdánù, ẹni tó bá ra méjì tàbí mẹ́ta kò sì mọ èyí tó máa bọ́ sí tòun lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi àpẹẹrẹ kan ṣírò. Ká ní ọmọ kan ra ère 40 ní pọ́ùn 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pọ́ùn 480 nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó ta 3 nínú wọn ní pọ́ùn 40, ó ta 10 ní iye tó rà wọ́n, àwọn 27 tó kù kò sì ju pọ́ùn 4 lọ. Mẹ́ta yẹn mú 120 wá, mẹ́wàá mú 120 wá, ìyókù mú 108 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 348. Àdánù pọ́ùn 132 nìyẹn, kí a tó ka owó ìfiránṣẹ́, kí a tó ka ọ̀wọ́ngógó. Síbẹ̀, bí ọmọ yẹn bá dé àárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ti mẹ́ta tó tà ní ìlọ́po mẹ́ta ló máa sọ. Kò purọ́, ìdajì ìtàn ló sọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìtàn ọrọ̀ ère ṣe ń dé etí wa.

Ike pàápàá kì í wà títí. Oòrùn a máa sọ ike funfun di pípọ́n bí eyín arúgbó; ike rírọ̀ a máa rin, a sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bó bá pẹ́ nínú ooru. Owó tó wà ní báǹkì kì í rin.

ÈRE TIWA

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ère. Ère ìbejì tí àwọn baba wa ń gbẹ́ nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá papò dà wà káàkiri àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun àti àwọn ilé gbàǹjo. Ẹ wo ohun tí àwọn tó ń kó o jọ máa ń wò lára rẹ̀: ojú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí wíwẹ̀ àti fífọwọ́pa, osùn tó ti wọ inú ìdirun rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀. Àwọn àmì pé ìyá kan tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ló ń mú un níyelórí lójú wọn. Ìyá náà kò sì tìtorí ọjà ṣe é. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí rí i nílẹ̀ wa pé àwọn ìyá kan ń fi ọmọláńgidi oníke rọ́pò ère onígi. Ike ni, ọjà ni wọ́n ti rà á, ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn kò sí iye tí ẹ lè dá lé e.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa ṣòwò ère ìbejì. Òfin Nàìjíríà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba àṣẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé iyì yàtọ̀ sí iye. Ère inú páálí ìgbà yìí, bí ìka ọmọ bá kàn án, iye rẹ̀ lọ nìyẹn. Ère ìbejì, ìka ìyá ló fún un níyì.

ÌMỌ̀RÀN MI

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ọmọ ra èyí tó fẹ́ràn pẹ̀lú owó ìnáwó ara rẹ̀, kó sì tú páálí rẹ̀, kó fi ṣeré. Ayọ̀ tó rí níbẹ̀ ni èrè rẹ̀. Bó bá wá di owó lọ́la, èènì ni.

Èkejì, ẹ má fi owó àjọ, owó ilé, tàbí owó ẹ̀kọ́ ra ère. Ní ìlú Ọba níbí, Junior ISA wà fún àwọn ọmọ láti 2011. Owó inú rẹ̀ kò ní owó orí, ọmọ kò sì lè fọwọ́ kàn án títí di ọmọ ọdún 18. Pọ́ùn 40 lóṣù jẹ́ pọ́ùn 480 lọ́dún, iye kan náà tí ọmọ inú àpẹẹrẹ wa fi ra ère.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti ní ère nílé, kí ẹ tó gbà pé ọrọ̀ ni, ẹ wo iye tí wọ́n ti ta irú rẹ̀ lóòótọ́, ẹ má wo iye tí wọ́n ń béèrè. Àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi eBay ní ibi tí a ti lè wo èyí tó ti di títà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rà tí ẹ sì ń tún un tà, òwò ni ẹ ń ṣe, ẹ ṣe é bí òwò. Ẹ kọ ohun tí ẹ rà àti ohun tí ẹ tà sílẹ̀. Bí owó tó wọlé bá ju pọ́ùn 1,000 lọ láàárín ọdún owó orí kan, ó yẹ kí HMRC gbọ́ nípa rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ìbínú kó ère ọmọ dànù. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a ṣe ìṣirò pọ́ùn 480 yẹn lórí ìwé. Ọmọ tó bá kọ́ ìyàtọ̀ láàárín iye tí a kọ sára ọjà àti iye tí ọjà gbà, láti ara ère kékeré, ó ti kọ́ ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ àdánù ńlá nígbà tó bá fẹ́ ra ilé tàbí ìpín ìdókòwò.

 Ère tó wà lórí pẹpẹ kò lè bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ogbó, àwọn tó ń rà á ni yóò bá wa sọ ọ́. Gbogbo wa ni yóò jèrè àwọn ọmọ wa o. Àṣẹ.